Láti Òrùka Faraday Dé Orí Kọ̀ǹpútà Àǹtí Mi: Ìtàn Tiransifọ́mà Kékeré

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí a ṣọdún Iléyá nígbà tí ínfátà Ìyá Aránṣọ jó. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa nílé ń pè ní Bàbá Kékeré, ló ṣe ínfátà náà fún un ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ṣàngó, nílùú Ìbàdàn. (Àwọn oníbàárà a máa fi orúkọ àdúgbò náà ṣe àwàdà, wọ́n á ní níbo ni oníṣẹ́ iná ì bá tún wà bí kò ṣe lọ́dọ̀ Ṣàngó.) Aṣọ ọdún kún ilẹ̀ ní ọ̀dọ̀ Ìyá Aránṣọ, iná ìjọba kò sí, owó epo jẹnẹrétọ̀ sì ti kọjá agbára rẹ̀. Nígbà tí ó gbé ínfátà náà dé, kò pariwo. Ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ wò ó." Òórùn fáníìṣì tó jóná ń jáde látinú rẹ̀.

Bàbá Kékeré tú u. Bátìrì kò ṣe nǹkan kan. Àwọn tiransísítọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Tiransifọ́mà kékeré tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wé, tí kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ, ló ti dúdú bí èédú. Ọmọ ilé ìwé girama ni mí, ìsinmi ni a wà, mo wà níbẹ̀, mo sì rí ojú rẹ̀. Ohun tó dùn ún jù ni pé okùn bàbà tó nípọn jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù ló lò fún iṣẹ́ náà, torí kí ó má baà gbóná.

Àwọn tó ṣètò ìdíje yìí ní kí a kọ ìtàn ohun kan tí à ń rí lójoojúmọ́. Tiransifọ́mà tó jó yẹn ni mo mú, nítorí ìbéèrè kan tí kò jẹ́ kí n sùn: báwo ni okùn tó nípọn ṣe lè gbóná ju èyí tó tín-ínrín lọ? Àǹtí mi, tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ní kọ̀ǹpútà òun lè dáhùn rẹ̀. Ó dáhùn rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi Àǹtí mi pé ta ló kọ́ kọ̀ǹpútà, ó mú mi rìn padà sẹ́yìn fún ohun tó lé ní ọdún 190.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1831, Michael Faraday mú òrùka irin kan ní Royal Institution nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ó wé okùn bàbà sí apá rẹ̀ kan, ó wé òmíràn sí apá kejì. Okùn méjèèjì kò kan ara wọn. Ó gbé abẹ́rẹ́ òòfà sítòsí ọ̀kan, ó sì so ìkejì mọ́ bátìrì. Bí ó ti so ó, abẹ́rẹ́ náà fò, lẹ́yìn náà ó dúró jẹ́ẹ́. Bí ó ti yọ bátìrì, abẹ́rẹ́ tún fò. Ṣé ẹ rí ohun tó wà níbẹ̀? Nígbà tí iná ń ṣàn geere láìyí padà, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àyípadà ló ń gbé iná láti ara okùn kan lọ sí ara ìkejì. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Faraday, kò kàwé púpọ̀, iṣẹ́ ìdìwé ló kọ́kọ́ kọ́. Kò ní ìṣirò kankan tí ì bá fún kọ̀ǹpútà. Ojú tó mọ̀ ọ́n wò ló ní.

Ó lé ní àádọ́ta ọdún kí òrùka yẹn tó di ohun títà. Ní 1885, ẹnjiníà mẹ́ta ní ilé iṣẹ́ Ganz ní Budapest, lórílẹ̀-èdè Họ́ńgárì, ìyẹn Károly Zipernowsky, Ottó Bláthy àti Miksa Déri, ṣe èyí tí irin rẹ̀ yí po láìsí àlàfo, Bláthy ni wọ́n sì gbà pé ó fún un ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é títí di òní. Ní oṣù Kẹta ọdún 1886, William Stanley fi tiransifọ́mà tan iná sí àwọn ilé ìtajà ní Great Barrington, ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ní 1896, iná mànàmáná dé Èkó.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni Charles Proteus Steinmetz. Wọ́n bí i ní 1865 ní Breslau, ìlú tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Wrocław lónìí ní ilẹ̀ Pólàǹdì. Abuké ni, kò sì ga. Ọ̀rọ̀ òṣèlú lé e kúrò nílé, ó dé New York ní 1889. Nígbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí irin tiransifọ́mà yóò ti gbóná tó, yóò ṣe é ná, yóò fi iná sí i, yóò sì dúró wò ó. Bí ó bá jó, yóò tún òmíràn ṣe. Bí Bàbá Kékeré ti ń ṣe títí di ọdún tó kọjá nìyẹn, n kò sì fi bú u. Irin máa ń gbóná nítorí pé bí iná ti ń yí padà ni òòfà inú rẹ̀ ń yí padà, irin a sì máa ṣe agídí díẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan kí ó tó gbà. Agídí yẹn ló ń di ooru. Steinmetz kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwọ̀n jọ, ó sì rí òfin kan nínú wọn, èyí tí ó gbé síwájú ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà iná ní Amẹ́ríkà ní 1892. Nọ́ńbà kékeré kan, 1.6, ni ó kọ sókè lórí ìwọ̀n òòfà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ 2 sókè lórí nọ́ńbà nínú kíláàsì ìṣirò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí o bá sọ òòfà inú irin di ìlọ́po 2, ooru rẹ̀ yóò di nǹkan bí ìlọ́po 3.

Àǹtí mi fi hàn mí lójú kọ̀ǹpútà. Àpótí mẹ́ta kéékèèké wà níbẹ̀ tí a óò kọ nọ́ńbà sí, orúkọ Steinmetz ló sì wà lórí wọn. Ọkùnrin tó ti kú láti 1923 ṣì ń bá wa ṣírò ní Ìbàdàn.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí tiransifọ́mà ínfátà fi kéré bí ọṣẹ nígbà tí èyí tó wà lórí òpó iná ládùúgbò tóbi bí àgbá. Ẹrù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyára náà kó ipa ńlá. Iná ìjọba ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ínfátà Bàbá Kékeré, àwọn tiransísítọ̀ ń já iná bátìrì, wọ́n sì ń so ó padà, ní ìgbà 50,000. Bí àyípadà ló bá ń gbé iná kọjá, bí Faraday ti rí i, a jẹ́ pé bí àyípadà bá ti yára tó ni irin àti okùn tí a nílò yóò ti kéré tó. Mo fi bírò ṣírò rẹ̀ sínú ìwé. Ojú irin àárín tiransifọ́mà náà fẹ̀ tó mìlímítà onígun mẹ́rin 211. Bí a bá fẹ́ gbé fólítì 12 lé e ní ìyára iná ìjọba, tí a sì lo irin tó lè gba òòfà 1.2 tesla, a óò wé okùn yí i ká ní nǹkan bí ìgbà 213. Ní ìyára 50,000, bí a tilẹ̀ dín òòfà kù sí 0.15 tesla, ìgbà 2 ti tó. Ìgbà méjì péré! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un ṣírò kí n tó gbà á gbọ́.

Irin lásán kò lè sá eré yẹn. Iná máa ń ṣàn nínú irin fúnra rẹ̀, ní òbìrípo kéékèèké bí omi tó ń yí nínú odò, yóò sì yan irin náà gbẹ. Ní ìyára 50, wọ́n ń gé irin sí pẹlẹbẹ tín-ínrín kí òbìrípo náà má baà ráyè. Ní ìyára 50,000, ọgbọ́n yẹn kò tó mọ́. Ní 1930 ni Yogoro Kato àti Takeshi Takei ní Tokyo, ní ilẹ̀ Japan, rí ohun tí a ń pè ní fẹ́ráìtì. Èròjà irin tó ti dípẹtà ni, tí a pò mọ́ irú èròjà bẹ́ẹ̀ láti inú àwọn mẹ́táàlì mìíràn, tí a lọ̀ kúnná, tí a tẹ̀ mọ́ra, tí a sì fi iná sun. Ìkòkò ni, ká má parọ́. Bí ó bá já bọ́ lórí sìmẹ́ǹtì, yóò fọ́ yángá, ìdí nìyẹn tí Bàbá Kékeré kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ tuntun fọwọ́ kàn án. Òòfà ń gba inú rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n iná kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ríbi gbà. Ní 1935 wọ́n dá ilé iṣẹ́ TDK sílẹ̀ ní Japan láti máa tà á, lẹ́yìn náà J. L. Snoek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Philips, ní ilẹ̀ Netherlands, ṣe irú tiwọn.

Ohun kan tún pa mí lẹ́rìn-ín níbí. Kọ̀ǹpútà tí à ń fi ṣírò tiransifọ́mà kékeré yìí, tiransifọ́mà kékeré yìí náà ló ń bọ́ ọ. Nígbà tí Apple II jáde ní 1977, Rod Holt ló ṣe apá tó ń fún un níná, irú èyí tó ń yára yìí ló sì lò dípò onírin wúwo, tí kọ̀ǹpútà náà kò fi nílò fáànù rárá. Ẹ tú ṣájà fóònù tí ẹ kò lò mọ́ wò, ẹ óò bá ọ̀kan nínú rẹ̀, tí kò ju ẹyọ ṣúgà lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí okùn tó nípọn. Iná tó ń yára yí padà kì í gba àárín okùn, ẹ̀gbẹ́ ara okùn ló ń gbà, bí èrò ti ń fi etí ọ̀nà rìn nígbà tí ẹrẹ̀ bá wà láàárín. Ní ìyára iná ìjọba, ibi tí iná ń dé nínú bàbà jìn tó mìlímítà 9, ìyẹn ni pé okùn tí à ń lò nílé, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ní ìyára 50,000, kò ju nǹkan bí mìlímítà 0.3 lọ. Bàbá Kékeré fi okùn mìlímítà 3 wé apá tó kọjú sí bátìrì. Àárín okùn yẹn kàn wà níbẹ̀ bí àlejò ni.

Apá fólítì gíga tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà 60 ni ó wé ibẹ̀, ní ìpele mẹ́ta lórí ara wọn, pẹ̀lú okùn mìlímítà 1. Bí a bá to okùn ní ìpele lórí ìpele, òòfà ìpele kan a máa da iná ìpele kejì láàmú, débi pé nínú okùn kan ṣoṣo iná á máa lọ ní apá kan, á sì máa bọ̀ ní apá kejì, bí ẹni tó ń yáwó lọ́wọ́ ọ̀tún láti fi san gbèsè ọwọ́ òsì. Okùn tó nípọn ló ń fún ìwà yìí láyè. Ẹni tó ṣírò rẹ̀ dé gúnlẹ̀ ni P. L. Dowell, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1966. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò rẹ̀, bí okùn bá nípọn ju 0.3 yẹn dáadáa, tí a sì to ó ní ìpele mẹ́ta, ìdènà tí ìpele kọ̀ọ̀kan ń fún iná, ní ìpíndọ́gba, á ju ìlọ́po 6 ti ìpele tó dá wà lọ. Nígbà tí Àǹtí mi kọ gbogbo ohun tó wà nínú tiransifọ́mà tó jó náà sínú kọ̀ǹpútà, ó ní ìdènà apá fólítì gíga ti di nǹkan bí ìlọ́po 17 ohun tó yẹ kí ó jẹ́.

Bàbá Kékeré wo nọ́ńbà náà fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo sun ún." Ogún ọdún ló fi wé tiransifọ́mà onírin, níbi tí okùn tó nípọn ti dára lóòótọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ní ìyára tuntun yìí, ohun tó mọ̀ dáadáa ni yóò tàn án.

Kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ yìí, inú ìwé àti àtẹ nọ́ńbà ni àwọn ẹnjiníà ti ń wá a. Ìwé ńlá kan tí wọ́n fẹ́ràn jáde ní 1978 láti ọwọ́ McLyman, tó ń ṣiṣẹ́ ní Jet Propulsion Laboratory ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ tó ń lọ sí àwọn ayé mìíràn lójú ọ̀run. Òǹkàwé á bẹ̀rẹ̀ láti iye wáàtì tó fẹ́, á wá irin tó bá a mu nínú àtẹ, á ṣírò okùn, á ṣírò ooru, bí ooru bá pọ̀ jù á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àtúnbẹ̀rẹ̀ yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà kì í rẹ̀ sí. Ní 1970, Silvester àti Chari fi hàn bí kọ̀ǹpútà ṣe lè gé àwòrán irin sí onígun mẹ́ta kéékèèké lọ́pọ̀lọpọ̀, kí ó ṣírò òòfà inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì rán wọn pọ̀ padà bí aṣọ alábùlẹ̀. Ní 1973, SPICE jáde ní Berkeley, ní California, láti ọwọ́ Laurence Nagel àti olùkọ́ rẹ̀ Donald Pederson, láti máa dán ẹ̀rọ iná wò kí ẹnikẹ́ni tó jó ohunkóhun mọ́ra. Wọn kò tì í mọ́lé, wọ́n fún gbogbo ayé. FEMM, tí David Meeker kọ, ni Àǹtí mi fi yàwòrán òòfà tiransifọ́mà wa. Ọ̀fẹ́ lòun náà. Lójú tèmi, èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni pé ṣọ́ọ̀bù kan ní Ṣàngó ń lo irinṣẹ́ kan náà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń lò, kò sì sí ẹni tó ní kí a mú kọ́bọ̀ wá.

Síbẹ̀ kọ̀ǹpútà bi wá ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè dáhùn. Irú fẹ́ráìtì wo ni? Oríṣiríṣi ló wà, ooru wọn kò sì dọ́gba. Inú ẹ̀rọ àlòkù ni Bàbá Kékeré ti yọ tiwa, kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀. Àǹtí mi mú ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun.

Bàbá Kékeré kọ̀ jálẹ̀. "Ṣé orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ lẹ óò fún un?"

Ó wé okùn díẹ̀ sára fẹ́ráìtì náà, ó so ó mọ́ ínfátà láìgbé ẹrù kankan lé e, ó sì ka iná tó ń jáde látinú bátìrì. Lẹ́yìn náà ó yọ ọ́ kúrò, ó tún kà á. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni ohun tí fẹ́ráìtì ń jẹ. Ó yí ìyára padà, ó tún kà á. Ó yí fólítì padà, ó tún kà á. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn káńdà katọn kan. Ohun tí Steinmetz ṣe ní 1892 gan-an ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bàbá Kékeré kò tíì gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà rí. Iṣẹ́ yẹn kò sì tíì tán láyé: ní 2023, yunifásítì Princeton pe àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga kárí ayé sí ìdíje lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè fi ìwọ̀n tí wọ́n kó jọ mọ ooru inú fẹ́ráìtì ju bí òfin Steinmetz ti lè mọ̀ ọ́n lọ.

Ọjọ́ kejì ni a tún tiransifọ́mà náà wé. Bàbà pẹlẹbẹ tí kò nípọn ju mìlímítà 0.3 lọ la fi ṣe apá bátìrì. Fún apá fólítì gíga, Àǹtí mi lọ́ okùn 0.3 márùn-ún pọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń lọ́ irun, èmi ni mo di ìdí rẹ̀ mú. A pín ìgbà 60 náà sí méjì: 30 sísàlẹ̀ ní ìpele kan, bàbà pẹlẹbẹ sáàárín, 30 yòókù sókè. Kọ̀ǹpútà ló ní kí a tò ó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kò sọ bí a ṣe ń fa okùn mọ́ra tí kò fi ní ṣí, tàbí bí a ṣe ń nu ẹnu fẹ́ráìtì méjèèjì kí eruku má baà di àlàfo láàárín wọn. Ìka Bàbá Kékeré ló mọ ìyẹn.

Wákàtí mẹ́ta la fi jẹ́ kí ó gbé ẹrù. Bàbá Kékeré gbé ìka lé e, kò sì yọ ọ́ kúrò. Ìyá Aránṣọ ti fi jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò rán díẹ̀ nínú aṣọ náà. Ọjọ́ tó ṣíwájú àìsùn ọdún ni a gbé ínfátà padà fún un, Bàbá Kékeré kò sì gba owó. Àwọn tó kù, òru ló fi rán wọn.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù padà, Àǹtí mi fẹ́ fi ìwọ̀n ẹ̀yìn katọn yẹn pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà fún ìgbà mìíràn. Kọ̀ǹpútà kò gbà, ó ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún fẹ́ráìtì náà lórúkọ. Ó bi Bàbá Kékeré pé kí ni kí òun kọ.

"Kọ Ìyá Aránṣọ síbẹ̀," Bàbá Kékeré dáhùn.

Orúkọ náà ló wà níbẹ̀ títí di òní, láàárín àwọn orúkọ ti Japan àti ti Netherlands.